Òórùn Èéfín Tí Kò Ní Èéfín Nínú

Ọ̀rọ̀ òórùn ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ń gbé Noman's Land ní Kánò, tàbí tó ti dé ibẹ̀ rí, mọ̀ pé òórùn kì í ṣe nǹkan kékeré ní àdúgbò wa. Ní òwúrọ̀, òórùn àkàrà àti ti èédú ni yóò jí yín. Ní ọ̀sán, èéfín jẹnẹrétọ̀ ni. Bí ó bá wá di ìrọ̀lẹ́ Alámísì mọ́jú Jímọ̀, àwọn ìyálé Hausa tó yí wa ká yóò kó ẹyin iná sínú kasko, ìyẹn ìkòkò amọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń sun tùràrí, èéfín rẹ̀ yóò sì gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ wá, yálà a pè é tàbí a kò pè é.

Orúkọ òyìnbó tí wọ́n fi pe àdúgbò yìí túmọ̀ sí ilẹ̀ tí kò ní olúwa. Ẹ kò lè rí ẹsẹ̀ bàtà kan níbẹ̀ lónìí tí kò ní olówó. Láti nǹkan bí ọdún 1912 tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ni àwọn bàbá wa ti ń rọ́ wá sí Sabon Gari àti àyíká rẹ̀, ilé sì ti fún mọ́ra wọn débi pé ohun tí aládùúgbò bá sun ní yàrá tirẹ̀, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀ ní yàrá tiyín. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa yóò padà sí.

Ní oṣù Ṣàábáànù, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà ní kíláàsì mi mú ìgò kékeré kan tọ̀ mí wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní London ló fi ránṣẹ́ sí i. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà ni pé òróró ìpara àdánidá ni, pé kò sí sípíríìtì nínú rẹ̀, àti pé tíì dúdú tí a yan lórí èéfín ni wọ́n wò ṣe é. Ìbéèrè mẹ́ta ni ìyá náà bi mí. Ó ní ṣé ó tọ́ kí òun fi pa ara lọ kírun? Ó ní nígbà tí ó ń rùn bí èéfín, ṣé kò ní ba àwẹ̀ òun jẹ́? Ó wá fi ẹ̀rín sọ ìkẹta: irú tíì wo ló ń rùn bí ìdí ààrò?

Láti orí ìkẹta ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ìgò kò lè dá ẹjọ́ lé e lórí.

Láàárín àwa Yorùbá, ohunkóhun tó bá ti gbóná nínú kọ́ọ̀bù, tíì ni; Bournvita ni o, Milo ni o, orúkọ kan náà ni a ń pè wọ́n. Ewé tíì gan-an ni mo ń sọ níhìn-ín, èyí tí àwọn mai shayi ń sè lẹ́bàá títì wa títí òru fi ń jìn. Ewé igi kan náà ló ń di tíì aláwọ̀ ewé, òun náà ló ń di tíì dúdú. Bí wọ́n bá tètè fi ooru pa agbára inú ewé náà, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó rọ, tí wọ́n lọ́ ọ kí oje rẹ̀ jáde kí atẹ́gùn sì bá a, yóò di dúdú. Nílẹ̀ wa, wọ́n ń gbìn ín ní Kakara lórí òkè Mambila, ní Ìpínlẹ̀ Taraba.

Ṣùgbọ́n ti eléèéfín yìí, orílẹ̀-èdè Ṣáínà ni orísun rẹ̀. Ní ẹkùn Fujian, láàárín àwọn òkè Wuyi, abúlé kan wà tí ń jẹ́ Tongmu. Ibẹ̀ tutù, kùrukùru sì máa ń bo orí òkè náà, nítorí náà oòrùn nìkan kò tó láti gbẹ ewé. Àwọn ará abúlé kọ́ ilé onígi alájà mélòó kan; wọ́n ń dáná igi páìnì sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń tẹ́ ewé sókè kí ooru àti èéfín lè máa gòkè lọ bá a. Tíì yìí ni aráyé mọ̀ sí Lapsang Souchong. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun kan ló ya wọ abúlé nígbà láéláé, wọ́n dí àwọn oníṣẹ́ tíì lọ́wọ́, nígbà tí ewé sì fẹ́ bàjẹ́ ni wọ́n sáré fi iná igi páìnì gbẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ àlọ́ lásán, ṣùgbọ́n ó jọ ohun tí àwa náà mọ̀. Àwọn ìyá wa ní Ẹ̀pẹ́ àti ní ilẹ̀ Ìlàjẹ kò torí òórùn gbé ẹja sórí èéfín. Kí ẹja má bàa bàjẹ́ ni. Òórùn kàn tẹ̀lé e wá ni, ó sì di ohun tí ẹnu ń wá kiri.

Kí ló wà nínú èéfín igi tó ń rùn bẹ́ẹ̀? Ohun kan wà nínú igi tó mú un le gírígírí, lignin ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é. Bí iná bá mú un, yóò túká di oríṣiríṣi nǹkan, ọ̀kan lára wọn sì ni guaiacol. Bíńtín rẹ̀ ti tó kí imú mọ̀ pé èéfín kọjá níbí. Òun àti àwọn ẹbí rẹ̀, pẹ̀lú òórùn oje igi páìnì, ni wọ́n ń wọ inú ewé lọ tí wọ́n sì ń dúró síbẹ̀.

Ẹnìkan lè rò pé wọ́n kàn ń fún òróró náà jáde lára tíì ni, bí a ti ń fún òróró ẹ̀pà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òróró tó wà nínú ewé tíì kò tó nǹkan rárá, kò dà bí ti kànáfùrù. Nítorí náà ẹni tó ń po irú òórùn yìí ń kọ́ ọ ni, bí ẹni tó ń to bíríkì lé ara wọn. Ó lè mú díẹ̀ nínú oje tíì dúdú tí wọ́n ti yọ, kí ó fi òróró igi sándálì gbé e nídìí, kí ó kán bàgámọ́tì lé e, ìyẹn ọsàn tí òórùn rẹ̀ wà nínú tíì tí wọ́n ń pè ní Earl Grey. Lẹ́yìn náà ló wá kan èéfín, inú ọ̀dà igi ni wọ́n sì ti ń mú ìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀dà igi nìyí: wọ́n ń kó igi sínú ìkòkò tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀, wọ́n ń ko iná mọ́ ọn láti ìta. Igi náà kò ní jó. Ńṣe ni yóò máa làágùn, òógùn dúdú tó ki á sì máa kán sílẹ̀. Wọ́n ń ṣe é láti ara igi birch ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, wọ́n sì ń ṣe é láti ara igi cade ní etí òkun Mẹditaréníà. Irú ọ̀dà báyìí ni àwọn Lárúbáwá ń pè ní qatran. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Àlùkùránì dé Súúrà Ibrahim yóò rántí orúkọ náà: ní áyà 50 rẹ̀, Ọlọ́hun sọ pé òun ni yóò jẹ́ ẹ̀wù àwọn ọ̀daràn lọ́jọ́ ẹ̀san. Àwọn onítafsíìrì sì ṣàlàyé pé ọ̀dà tí àwọn Lárúbáwá fi ń pa ràkúnmí tí kúrúnà bá mú ni. Ó yà mí lẹ́nu gidigidi nígbà tí mo mọ̀ pé irú nǹkan yẹn, bí a bá kán ẹ̀kán kan péré sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kán òróró mìíràn, ni ó ń di òórùn tíì tó ń fa ọkàn mọ́ra.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ yìí. Al-Kindi, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Mùsùlùmí tó gbé ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án Mílàdí, kọ odidi ìwé kan lórí bí a ṣe ń po òórùn dídùn àti bí a ṣe ń sè é kí ooru rẹ̀ di omi. Láyé ìgbà náà, ọ̀kan nínú àwọn òróró tí àwọn oníṣẹ́ òórùn ilẹ̀ Lárúbáwá fẹ́ràn láti fi gbé òórùn ni duhn al-ban. Ẹ jẹ́ mọ ibi tí ó ti ń wá: èso igi kan tó jẹ́ ọmọ ìyá mòríńgà ni, zogale tí àwọn ará Kánò ń fi kúlíkúlí pò jẹ. Òróró èso náà kì í tètè kan, kò sì ní òórùn tirẹ̀ tí yóò máa bá àlejò jà. Igi yìí wà lẹ́yìn ògiri ọ̀pọ̀ nínú yín báyìí, ewé rẹ̀ nìkan ni ẹ ń já.

Ní Kannauj ní ilẹ̀ Íńdíà, títí di òní, wọ́n ń se òdòdó nínú ìkòkò bàbà ńlá. Ooru rẹ̀ ń gba inú ọparun kọjá lọ sínú ìkòkò mìíràn tí wọ́n ti da òróró sándálì sí. Wọ́n tilẹ̀ ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní mitti. Amọ̀ tí wọ́n ti sun ni wọ́n ń sè, òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò àkọ́rọ̀ bọ́ lé ni ó sì ń mú jáde. Ẹni tó bá ti wà ní Kánò lọ́jọ́ tí òjò kọ́kọ́ kan eruku lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ kò nílò àlàyé ju èyí lọ.

Èyí tí àwọn ìyá wa mọ̀ jù ni Bint el Sudan. Ìtàn rẹ̀ ni pé ní 1920, ní Khartoum, àwọn ọkùnrin kan kó oríṣiríṣi òórùn tọ Eric Burgess wá, òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ W. J. Bush ti London, pé kí ó bá àwọn pò ó pọ̀. Òróró tó ti ibẹ̀ jáde kò ní ọtí nínú, ó sì tàn ká ilẹ̀ Mùsùlùmí ní Áfíríkà bí iná ọyẹ́. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ọmọbìnrin Sudan. Àwòrán ọmọbìnrin tó wà lára ìgò náà kò wọ ẹ̀wù, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa wò. Síbẹ̀ mo mọ bàbá àgbà mélòó kan tó jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ń pa irùngbọ̀n kí wọ́n tó lọ sí ìrun Jímọ̀.

Àwọn obìnrin Maiduguri àti Kánò ní humra, òróró dúdú tó ki tí wọ́n ń fi pa ara lẹ́yìn ìwẹ̀. Àwọn obìnrin Sudan ní dilka, ìpara tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbé sórí èéfín igi ẹlẹ́gùn-ún kí wọ́n tó fi ra ara. Nítorí náà òórùn èéfín lára obìnrin tó mọ́ tónítóní kì í ṣe àjèjì ní apá ibi tí a wà yìí. Àwa Yorùbá ni òórùn èéfín lára aṣọ máa ń rán létí ìdí ààrò àti ìyà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìrun. Ẹ mọ̀ pé Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fẹ́ràn òórùn dídùn, ó sì gbà wá níyànjú pé kí a lò ó fún ìrun Jímọ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fi í ta wá lọ́rẹ, kí á má kọ̀ ọ́, nítorí kò wúwo láti gbé, òórùn rẹ̀ sì dára. Ní ti lọ́fíńdà tó ní sípíríìtì, àwọn onímímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan ní nájíìsì ni ọtí, aṣọ tó bá sì kàn kò yẹ fún ìrun. Àwọn mìíràn ní sípíríìtì inú lọ́fíńdà kì í ṣe ọtí mímu tí òfin dárúkọ, kò sì sọ aṣọ di ẹlẹ́gbin. N kò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí. Òróró tí kò ní sípíríìtì kankan nínú ti bọ́ kúrò nínú àríyànjiyàn náà, ẹni tó bá fi para lè kírun pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹni tó wọ ihram kò gbọdọ̀ kàn án, opó tó wà nínú oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ yóò fi í sílẹ̀, obìnrin tó sì ń jáde lọ sáàárín àwọn ọkùnrin mọ ààlà tí ẹ̀sìn pa fún un.

Ti àwẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni kò mọ̀ ọ́n. Ní mádíhábì Máálíkì tí a ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ wa, àwọn tó ṣàlàyé ìwé Mukhtasar tí Khalil kọ sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ fa èéfín tùràrí símú lọ́sàn-án àwẹ̀ títí ó fi dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, àwẹ̀ ọjọ́ náà ti bàjẹ́, yóò san án padà. Wọ́n ní èéfín ní ara, ó ń wọlé bí nǹkan jíjẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí èéfín bá láìṣe pé òun ló wá a, kò ní ẹ̀bi. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ìyálé inú ilé kejì bá sun tirẹ̀ tó sì gba ojú fèrèsé wọlé, àwẹ̀ yín kò bàjẹ́. Òórùn tí kò ní èéfín nínú, bí òdòdó tàbí òróró, kì í ba àwẹ̀ jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn kò fẹ́ kí aláàwẹ̀ máa mọ̀-ọ́n-mọ̀ gbọ́ ọ lọ́sàn-án. Ibi tí ìgò ìyá yẹn wọ̀ sí nìyí. Ó ń rùn bí èéfín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí iná, kò sí eérú, kò sí ohun tó ń fò wọ ọ̀fun. Òórùn ni, kì í ṣe èéfín. Àwẹ̀ rẹ̀ pé.

Ìgbà tí mo dá a lóhùn tán ló wá sọ ìdí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ra òróró náà. Yàrá kan ṣoṣo ni òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ mẹ́rin ń gbé. Ó ti kọ́ tùràrí sísun lọ́wọ́ àwọn ará Kánò, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá ní òru Jímọ̀. Ọmọ rẹ̀ kẹta ní ikọ́ fée. Ní òru ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, wọ́n ti fèrèsé nítorí òtútù, kasko wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọmọ náà kò lè mí mọ́. Orí ọ̀kadà ni bàbá rẹ̀ gbé e lé lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́hun yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìyá kò ti sun tùràrí mọ́, ó sì ní yàrá òun kò rùn bí ilé Mùsùlùmí mọ́ lójú òun.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí sí ìkọlù sí tùràrí. Ó wà nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá pé Ibn Umar máa ń sun igi úùdù, nígbà mìíràn pẹ̀lú káfúrà, ó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni Ànábì ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n èédú tó ń jó nínú yàrá tí a ti pa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀. Carbon monoxide ni wọ́n ń pè é. Ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ ìyè nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa ẹni tó ń sùn kí ó tó jí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2020, èéfín inú ilé láti ara igi, èédú, kẹrosíìnì àti irú wọn tí a fi ń dáná oúnjẹ fa ikú èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Tùràrí kò sí nínú ìṣírò náà, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé kì í béèrè bóyá láti ìdí ọbẹ̀ ni èéfín ti wá tàbí láti inú kasko. Bí ẹ óò bá sun ún, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ sì gbé iná náà síta kí ẹ tó sùn. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò gba èyí, òróró ló yẹ ẹ́. Síbẹ̀, òórùn líle nìkan pàápàá lè ru ikọ́ fée sókè lára àwọn kan. Ẹ̀kán kan sí ara ìyá, jìnnà sí orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa wo ọmọ náà.

Nísinsìnyí, ohun tó wà nínú ìgò. Ní ọjà Sabon Gari, tí ìjọba ti fi orúkọ olóògbé Muhammad Abubakar Rimi pè, òróró lọ́fíńdà pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn tó ń tà á ń fi síríǹjì tí wọ́n ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ fa á láti inú ìgò ńlá sínú kékeré. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n fi kẹ́míkà pò láti jọ lọ́fíńdà olókìkí òkè òkun. Ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di èèwọ̀, kò sì sọ ọ́ di májèlé. Ohun tó burú ni kí a pe èyí tí kì í ṣe àdánidá ní àdánidá, kí a sì gba owó àdánidá lé e lórí. Àwọn kan a tún máa fi òróró ẹ̀rọ tí kò ní òórùn là á kí ó lè pọ̀ sí i. Ànábì ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ ọlọ́jà kan rí, ìka rẹ̀ bá ibi tó tutù nísàlẹ̀, ó sì sọ pé ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara àwa. Ẹ tún wo Súúrà al-Mutaffifin. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ègún lórí àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù bí wọ́n bá ń wọ̀n fún ẹlòmíràn. Nínú súúrà kan náà, ní áyà 26, ni a ti gbọ́ pé almísíkì ni wọn yóò fi dé ohun mímu àwọn ẹni rere. Mo máa ń rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń fi síríǹjì wọn òórùn máa ka súúrà yìí ju gbogbo wa lọ.

Ọ̀nà wo ni a fi lè mọ ayédèrú? Ẹ kán an sórí bébà funfun, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ojú ibẹ̀ bá ń dán bí ibi tí òróró ẹ̀pà dà sí, òróró mìíràn ti wà nínú rẹ̀. Ìyẹn kò burú bí olùtajà bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, nítorí òróró ìpara gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń gbé e. Ó burú bí ó bá búra pé ògidì ni. Kò sí àyẹ̀wò inú ilé kan tó dájú pátá, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó wà.

Ẹ má sì rò pé ohun tó bá ti jẹ́ àdánidá kò lè pa ni lára. Òróró bàgámọ́tì ògidì, bí oòrùn Kánò bá bá a lára, lè sun awọ ara kí ó sì fi àmì dúdú sílẹ̀. Ọ̀dà birch àti ti cade bí wọ́n ṣe jáde láti inú ìkòkò ní àwọn nǹkan tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ìdí nìyí tí IFRA, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà fún àwọn oníṣẹ́ lọ́fíńdà, kò fi gbà kí a lò wọ́n àfi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún wọn sè kí wọ́n mọ́. Ẹ má ṣe ra ọ̀dà lọ́jà kí ẹ máa pò ó fúnra yín.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi àti olùkọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ní ilé-ìwé wa ti ṣe é wò. Ẹ wá ìkòkò àlòkù tó ní ìdérí, kí ẹ sì ṣe é ní gbangba, kì í ṣe nínú ilé. Ẹ fi ẹyin iná díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ da ẹ̀ẹ́rún igi máńgòrò tàbí ti igi ọsàn gbígbẹ lé e. Pákó tí wọ́n ti kùn tàbí tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pa kò dára, èéfín dongoyárò sì korò jù. Bí ó bá ti ń rú láìjó, ẹ gbé asẹ́ onírin lé e, ṣíbí ìjẹun mẹ́rin tíì dúdú tí kò sí nínú àpò wà lórí asẹ́ náà, kí ẹ dé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó bá tutù, ẹ kó tíì náà sínú ìgò tó gbẹ táútáú, kí ẹ sì da òróró mòríńgà tàbí òróró yànmọ̀tí tí a kò yan bò ó mọ́lẹ̀. Kànáfùrù méjì lè tẹ̀lé e. Ẹ fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ máa mì ín lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, yóò bu. Òórùn rẹ̀ kò le. Ẹni tó ń wá òórùn tí yóò ṣáájú òun wọlé kò ní rí i níbẹ̀. Ọwọ́ àti ọrùn ni ó wà fún, fún ẹni tó bá súnmọ́ni.

Kí ẹ tó fi èyíkéyìí pa ara, yálà èyí tí ẹ rà tàbí èyí tí ẹ ṣe, ẹ kán ẹ̀kán kan sí ìkọ́pá inú, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bí ibẹ̀ bá pọ́n tàbí tó ń yún yín, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi òróró náà sílẹ̀. Ẹ má fi pa ọmọ ọwọ́. Àdí àgbọn náà lè gbé òórùn, ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́ Kánò yóò dì bí ọ̀rá, ẹ óò máa fi ìgò náà sí àtẹ́lẹwọ́ kí ó tó yọ́. Ìgò dúdú ló dára jù, níbi tí oòrùn kò dé. Bí ó bá ti ń rùn bí òróró àkàrà àná, ó ti kan nìyẹn, ẹ dà á nù kí ẹ ṣe òmíràn.